Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Ń Ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀rá Ara

Iṣẹ́ abẹ fún ìsanrajù ń mú kí ara jò gan-an, jíjò náà sì máa ń pẹ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Swídìn lọ́dún 1987, tí a mọ̀ sí SOS, tọ ipa ènìyàn 2,010 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí àti 2,037 tí wọn kò ṣe é. Àwọn tí wọ́n ṣe oríṣi tí ń mú oúnjẹ gba ọ̀nà àbùjá nínú ìfun pàdánù nǹkan bí ìdá 32 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá fi pé, díẹ̀ ti padà, àdínkù náà sì dúró sí nǹkan bí ìdá 25 nínú 100. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ohun tó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan náà ń bá a lọ.

Òṣùwọ̀n lè sọ iye kílò tó lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ipò tí ọ̀rá tó ṣẹ́kù wà. Ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kú ni, àbí wọ́n kàn rún? Ṣé ọ̀rá tó ti ṣàìsàn lè sàn bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí? Kí ló dé tí ara ẹlòmíì fi ń padà sanra, tí ti ẹlòmíì kì í padà? Èrò mẹ́fà ló gbajúmọ̀ láàárín àwọn olùwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rí wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibi tí ẹ̀rí náà ti kù díẹ̀ káàtó sì wà pẹ̀lú.

Ọ̀rá àti abẹ: àlàyé tó ṣáájú

Ọ̀rá jẹ́ ẹ̀yà ara tó ń ṣiṣẹ́. Ó ń tọ́jú agbára sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ìrísí epo, ó ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ebi bá dé, ó sì ń fi họ́móònù ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Leptin, tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní Yunifásítì Rockefeller lọ́dún 1994, ni ó ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ iye ọ̀rá tó wà nípamọ́. Adiponectin ní tirẹ̀ ń ran ínsúlíìnì, họ́móònù tí ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá wà lábẹ́ awọ. Òmíràn wà nínú ikùn, ó rọ̀gbà yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká. Oríṣi kékeré kan tún wà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráùn, tí ń jó epo láti fi mú ara móoru.

Bí ìsanrajù bá pẹ́ lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá á tóbi kọjá bó ti yẹ. Ọ́síjìn kò ní tó wọn, àwọn kan á kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì adáàbòbò ara tí wọ́n ń pè ní macrophage, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé òkú sẹ́ẹ̀lì àti ìdọ̀tí mì, á wá yí èyí tó kú ká. Láti ibẹ̀ ni ìwúlé abẹ́lẹ̀ tí kì í tán bọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Epo tí kò ráyè mọ́ á ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, agbára ínsúlíìnì á sì dínkù, ìyẹn sì máa ń ṣínà fún àtọ̀gbẹ.

Oríṣi iṣẹ́ abẹ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé apá tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù kúrò, ohun tó bá kù á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Nínú bypass, tí Edward Mason àti Chikashi Ito kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1966, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ nínú àpòlúkù, wọn á sì so ó mọ́ ìfun níwájú, kí oúnjẹ lè fo apá kan ìfun kọjá. Abẹ kò kan ọ̀rá fúnra rẹ̀ nínú méjèèjì. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rá, ìdáhùn ara sí àyípadà inú ìfun àti sí oúnjẹ tó dínkù ni.

Èrò kìíní: sẹ́ẹ̀lì ń kéré, iye wọn kò dín

Èrò yìí sọ pé bí àká ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá rí: iṣẹ́ abẹ ń kó ọkà inú rẹ̀, kò wó àká. Ẹ̀rí tó lágbára jù fún un jáde nínú ìwé ìwádìí *Nature* lọ́dún 2008 láti ọwọ́ Kirsty Spalding àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska ní Stockholm, Swídìn. Wọ́n lo kábọ́ònù 14 tí àwọn ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì tú sínú afẹ́fẹ́ ní àárín ọ̀rúndún ogún láti fi mọ ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n rí i pé ìgbà èwe ni iye sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ti ń fìdí múlẹ̀, àti pé nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ń kú lọ́dọọdún tí tuntun sì ń rọ́pò wọn, ì báà jẹ́ ẹni tó sanra tàbí ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ wò lẹ́yìn ọdún méjì, sẹ́ẹ̀lì wọn ti kéré gidigidi, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò yí padà.

Agbára èrò yìí ni pé ó ṣàlàyé ìdí tí ara fi ń wá ọ̀nà láti sanra padà. Sẹ́ẹ̀lì tó rún kì í tú leptin púpọ̀ jáde. Nígbà tí ọpọlọ kò bá rí leptin tó, á rò pé ìyàn mú, ebi á sì máa pa ẹni náà. Ẹni tó jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wá ní sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó pọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n jọ wọn ìwọ̀n kan náà tí kò sanra jù rí.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọdún méjì kéré, pàápàá fún sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀mí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rá abẹ́ awọ ni wọ́n sì sábà ń mú wò, nítorí òun ni ọwọ́ tètè tó. Bákan náà, sẹ́ẹ̀lì tó ti kéré jù lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á, ìyẹn sì lè da ìṣirò rú.

Èrò kejì: ọ̀rá ń sàn

Àwọn tó di èrò kejì mú kò bá ti àkọ́kọ́ jà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kíkéré sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ìwòsàn. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó pọ̀ sàn fún ara ju ńláńlá tó mọ níwọ̀n lọ, nítorí wọ́n ṣì ní ààyè láti gba epo kí ó má baà ṣàn sínú ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí ní Paris, tí Karine Clément wà lára wọn, fi hàn pé oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iye macrophage inú ọ̀rá abẹ́ awọ ti dínkù, àwọn jíìnì tí ń pe irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wá sì ti rọlẹ̀. Adiponectin inú ẹ̀jẹ̀ náà máa ń gòkè. Ìwádìí mìíràn láti Karolinska, tó jáde lọ́dún 2017, tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn bypass. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú ìwọ̀n ara wọn ti padà, sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá wọn ṣì kéré, ínsúlíìnì wọn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ibi tí èrò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn bá a mu. Nínú ìwádìí SOS, ìdá 72 nínú 100 àwọn tó ní àtọ̀gbẹ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni àìsàn náà ti fi sílẹ̀ ní ọdún kejì. Nínú àwọn tí kò ṣe é, ìdá 16 ni.

Àmọ́ ìwádìí kan náà ló fi àléébù rẹ̀ hàn. Ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìdá 72 yẹn ti di nǹkan bí ìdá 30. Ó ṣì pọ̀ gan-an ju ìdá 6.5 tó wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìwòsàn náà kì í dúró fún gbogbo ènìyàn. A kò sì lè gbé gbogbo ìyìn fún ọ̀rá, nítorí ẹ̀dọ̀ àti họ́móònù inú ìfun náà ń yí padà láàárín àsìkò kan náà.

Èrò kẹta: ọ̀rá kì í gbàgbé

Èrò kẹta ló tuntun jù, òun náà ló sì ń fa àríyànjiyàn jù. Ó ní bí ọ̀rá tilẹ̀ jò, àmì ìsanrajù ṣì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù November ọdún 2024, Ferdinand von Meyenn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ETH Zurich ní Swítsáláǹdì gbé ìwádìí kan jáde nínú *Nature*. Wọ́n yẹ ọ̀rá àwọn ènìyàn wò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ àti ní ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí òṣùwọ̀n BMI wọn, ìyẹn ìwọ̀n ara bí a bá fi wé gíga, fi ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 wálẹ̀ ni wọ́n yàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ti ìgbà tí wọ́n sanra. Nínú eku, wọ́n rí àwọn àmì tó wà lára jíìnì, tí ń pàṣẹ èyí tí yóò ṣiṣẹ́ àti èyí tí yóò dákẹ́, tí wọn kò parẹ́ lẹ́yìn jíjò. Nígbà tí wọ́n tún fún àwọn eku náà ní oúnjẹ olọ́ràá, wọ́n yára sanra ju àwọn tí kò sanra rí lọ.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìsanrapadà ní ìdí nínú ara, a kò sì lè dá gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé ọ̀kánjúwà tàbí ọ̀lẹ aláìsàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn láti ọ̀dọ̀ eku dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Inú eku ni wọ́n ti rí àwọn àmì náà ní tààrà. Nínú ọ̀rá ènìyàn, ìṣesí jíìnì ni wọ́n wò, iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò sì pọ̀. Ìbéèrè kan tún wà tí èrò kìíní gbé kalẹ̀: bí ìdá 10 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá bá ń rọ́pò ara wọn lọ́dọọdún, báwo ni ìrántí náà yóò ṣe pẹ́ tó? Àfi kí ó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ìyá tí ń bí tuntun náà ní in.

Iṣẹ́ kan tí Imperial College London gbé jáde nínú *Nature* lọ́dún 2025 fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àárín èrò kejì àti ẹ̀kẹta. Wọ́n yẹ sẹ́ẹ̀lì 171,247 wò láti ara ènìyàn 70. Wọ́n rí i pé jíjò mú ìdarúgbó-àìtọ́jọ́ tó ti bá ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá kúrò, èyí tó gbe èrò ìwòsàn. Wọ́n tún rí i pé macrophage dínkù ní iye, ṣùgbọ́n èyí tó kù kò rọlẹ̀ tán, bí ẹni tó ṣì ń retí ìjà, ìyẹn sì gbe èrò ìrántí. Ó lè jẹ́ nígbà náà pé irú sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọ̀rá ń sàn, tí òmíràn kò sì gbàgbé.

Èrò kẹrin: àpá ló ń pinnu

Bí egbò ṣe ń fi àpá sílẹ̀ lára awọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwúlé ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń fi okùn líle sílẹ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. Èrò kẹrin ní bí àpá yìí bá ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu bí ọ̀rá yóò ṣe gbọ́ ti iṣẹ́ abẹ tó. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Faransé fi hàn pé àwọn tí àpá pọ̀ nínú ọ̀rá abẹ́ awọ wọn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ kì í pàdánù ọ̀rá tó àwọn tí àpá wọn kéré. Àlàyé wọn ni pé okùn líle náà há sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, kò jẹ́ kí ó tóbi tàbí kí ó rún bó ṣe wù ú.

Èrò yìí wúlò fún oníṣègùn nítorí ó fún un ní ohun tó lè wọ̀n ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun méjì tó jọ ń rìn kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀kan ló bí èkejì: ẹni tí ìsanrajù ti pẹ́ lára rẹ̀, tó sì ní àtọ̀gbẹ, lè ní àpá púpọ̀ kí ó sì lọ́ra láti jò nítorí ìdí mìíràn. Àbájáde àwọn ìwádìí lórí bóyá àpá ń yọ́ kúrò bí ọdún ti ń gorí ọdún kò sì dọ́gba.

Èrò karùn-ún: ibi tí ọ̀rá wà ló ṣe pàtàkì

Ọ̀rá inú ikùn ló súnmọ́ ẹ̀dọ̀ jù, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tó ń tú jáde ń gbà. Èrò karùn-ún ní àǹfààní iṣẹ́ abẹ wá láti inú bí ọ̀rá yìí ṣe ń dínkù. Lọ́dún 2004, Samuel Klein àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní St. Louis fa ọ̀rá abẹ́ awọ ikùn púpọ̀ jáde lára obìnrin 15 pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ìwọ̀n ara wọn wálẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ínsúlíìnì wọn kò sunwọ̀n sí i. Èyí bá èrò náà mu, nítorí ọ̀rá abẹ́ awọ nìkan ni wọ́n kó; ó sì fi hàn pé kíkó ọ̀rá dànù yàtọ̀ sí mímú kí ó rún.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rá inú ikùn nìkan ni ọ̀tá, gígé e kúrò yẹ kí ó ṣe ìrànwọ́. Ní Swídìn, ìwádìí kan lọ́dún 2002 gé ọ̀rá tó bo ìfun bí aṣọ kúrò pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ ìsanrajù, ó sì jọ pé ó ṣàǹfààní. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2010, ìwádìí tó ṣe ìwọ̀n ínsúlíìnì fínnífínní ní Amẹ́ríkà kò rí àǹfààní kankan tí gígé náà fi kún un. Èyí ló mi èrò yìí jù. Ó lè jẹ́ pé àmì àìsàn ni ọ̀rá inú ikùn, kí ó má jẹ́ òun ló fà á.

Ọ̀rá búráùn náà ní alátìlẹyìn. Ní Maastricht ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n yẹ ènìyàn mẹ́wàá wò nínú òtútù. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, méjì péré ni ọ̀rá búráùn wọn ń ṣiṣẹ́; ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n di márùn-ún. Iye yìí kéré jù láti gbé ìdájọ́ lé.

Èrò kẹfà: bí epo ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde

Èrò tó kẹ́yìn kò wo sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, epo inú rẹ̀ ló ń wò. Epo inú sẹ́ẹ̀lì kan máa ń pààrọ̀ ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà kí sẹ́ẹ̀lì náà tó kú. Bí ọjọ́ orí ti ń ga ni ìpààrọ̀ yìí ń lọ́ra sí i. Lọ́dún 2019, Peter Arner àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé obìnrin 41 tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọdún mẹ́rin sí méje. Àwọn tí ìpààrọ̀ epo wọn lọ́ra kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan ló rí i kí ó yára lẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà ni ara wọn kò padà sanra. Àwọn tí tiwọn ti yára tẹ́lẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n tún lè sáré dé.

Ohun tó dára nínú èrò yìí ni pé ó gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè tí púpọ̀ nínú àwọn tó kù sá fún: ìdí tí àbájáde fi yàtọ̀ láàárín ẹni méjì tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan náà. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n lè wọn ìpààrọ̀ epo lọ́nà yìí kò pọ̀ láyé, obìnrin nìkan ló sì wà nínú ìwádìí náà.

Ṣé abẹ ni, àbí jíjò?

Ìbéèrè kan gba inú gbogbo èrò wọ̀nyí kọjá: ṣé ohun tí abẹ ṣe nínú ìfun ló ń yí ọ̀rá padà, àbí jíjò lásán? Lọ́dún 2020, *New England Journal of Medicine* tẹ ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Washington. Ẹni 11 tó ní àtọ̀gbẹ ṣe bypass, ẹni 11 mìíràn jò nípa oúnjẹ nìkan, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì pàdánù nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìwọ̀n ara. Àǹfààní tí wọ́n rí lórí ínsúlíìnì jọra. Àwọn tó gbà pé jíjò ló ṣe gbogbo rẹ̀ di èyí mú gírígírí. Àwọn tí kò gbà dáhùn pé ènìyàn 22 kò tó, pé àwọn tó jò nípa oúnjẹ nílò ìṣọ́ra tí kò rọrùn láti bá lọ fún ọdún pípẹ́, àti pé ìwádìí náà kò wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àwọn kókó kan wà tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ń kéré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Iye wọn kò dín ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ìwúlé inú ọ̀rá ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tán pátápátá.

Ohun tó ṣẹ́kù pọ̀ ju ìyẹn lọ. Kò tíì yanjú bóyá ìrántí ìsanrajù tí wọ́n rí nínú eku wà lọ́nà kan náà nínú ènìyàn, tàbí iye ọdún tó ń lò kó tó parẹ́. Kò tíì dájú bóyá àpá inú ọ̀rá ló ń dènà jíjò tàbí ó kàn jẹ́ àmì àìsàn tó ti pẹ́. Ọ̀rá inú ikùn kò tíì rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò léraléra bí ti abẹ́ awọ, nítorí a kò lè mú un láìla ikùn. Bóyá àwọn oògùn tuntun tí ń mú ara jò, bíi semaglutide, ń ṣe ohun kan náà fún ọ̀rá gẹ́gẹ́ bí abẹ ṣe ń ṣe, ìyẹn náà ṣì wà lórí àtẹ.

Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò náà jẹ́ ìṣòro. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí yìí wá láti ara àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìwádìí ní Gúúsù Áfíríkà ti fi hàn pé bí BMI bá dọ́gba, ọ̀rá inú ikùn àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun, síbẹ̀ ínsúlíìnì àwọn aláwọ̀ dúdú kì í ṣiṣẹ́ tó ti àwọn aláwọ̀ funfun. Bí ọ̀rá bá ti yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kí abẹ tó débẹ̀, kò sí ìdí láti gbà láìwádìí pé ohun tí wọ́n rí ní Stockholm tàbí Paris ni wọn yóò rí ní Èkó.

Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo ṣì wà níbẹ̀, tó sì lè kún padà, àwọn ìlànà ìṣègùn kò ka ìtọ́jú sí ohun tó parí lọ́jọ́ tí aláìsàn bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Àyẹ̀wò àti àbójútó tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe é jẹ́ ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.